Àmì Pupa Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ní Òmùpo, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní Òmù-Àrán, níbikíbi tí àwa ọmọ Ìgbómìnà bá ti jókòó láti kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ìtàn ìlú tàbí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, gbólóhùn kan náà ló máa ń jáde nígbà tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí: "Ẹ bá wa pa gbogbo pupa yẹn rẹ́ jàre. Ẹ tẹ Accept All, kí ìwé wa lè mọ́." Akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé á funfun báláú. Àwọn èèyàn á ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á sì dìde. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó wà nínú pupa tí a pa rẹ́ yẹn. Èmi ń bèèrè rẹ̀ lónìí, n ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìwà àìbìkítà ni, ó ń ba ìwé wa jẹ́, ó sì yẹ kó dópin.

Ẹni tí kì í fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lè má mọ ohun tí à ń jà lé lórí, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Nínú Microsoft Word, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Review sí, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Track Changes. Bí a bá ti tàn án, ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ohun tí a bá fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ tí o bá fi kún un á yọ ní àwọ̀ mìíràn, pupa lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá yọ kò ní parẹ́. Ìlà ni yóò gba àárín rẹ̀ kọjá, a ó sì ṣì lè kà á. Àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ti olúkúlùkù, orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é á sì wà níbẹ̀. Àtúnṣe náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó ń dúró de ẹni tí yóò tẹ Accept láti gbà á, tàbí Reject láti kọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ wà nínú Google Docs, Suggesting ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ìwé tí mo ń sọ ni ìwé tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ ní Òmùpo, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin lórí WhatsApp, Ìlọrin tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó, Èkó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kó tó padà wálé, ó ti di fáìlì mẹ́rin: ọ̀kan ń jẹ́ "final", èkejì ń jẹ́ "final 2", ẹ̀kẹta "final corrected", ẹ̀kẹrin "final final". Bí ó bá jẹ́ ìwé òfin ẹgbẹ́, òun ni CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀, yóò béèrè bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees. Òun náà ni adájọ́ yóò béèrè bí ìjà bá dé. Ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ lè gba owó tàbí ipò lọ́wọ́ ẹnì kan, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu àwọn tó ní ká pa á rẹ́, kí n sì sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ìwé tó kún fún ìlà àti àwọ̀ ń da ojú rú, pàápàá ojú àgbà, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìtumọ̀ fà yọ. Wọ́n ní bí a bá ní ká máa yẹ igba àtúnṣe wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá wa ní ìpàdé. Wọ́n ní àmì ń dá ìjà sílẹ̀: àgbà tó bá rí i pé ọmọdé fa ìlà gba àárín ọ̀rọ̀ òun á bínú. Wọ́n ní a fọkàn tán ara wa, akọ̀wé wa kì í ṣe olè. Wọ́n ní àmì tí a bá fi sílẹ̀ lè tú àṣírí síta. Paríparí rẹ̀, wọ́n ní ìwé tó parí ló ṣe pàtàkì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bí a ṣe ṣe é. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fi tọkàntọkàn sin ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà yìí tó lè dúró bí a bá gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú. Word ní ọ̀nà tí a fi ń wo ìwé láìpa ohunkóhun rẹ́. Bí o bá yan No Markup, gbogbo àwọ̀ á wọlé, wàá sì rí ìwé náà bí yóò ṣe rí bí a bá gba gbogbo àtúnṣe. Bí o bá yan Simple Markup, ìlà kékeré tó wà ní etí ìwé nìkan ni wàá rí, tí yóò máa sọ fún ọ pé nǹkan yí padà níbí. Bí o bá yan Original, wàá rí ìwé bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Èyí tó bá rọrùn fún bàbá láti kà ni kí a tẹ̀ jáde fún bàbá. Ṣé nítorí kí ẹnì kan lè ka ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ó ṣe pa ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù rẹ́ títí láé? Fífi nǹkan pamọ́ yàtọ̀ sí pípa á rẹ́. Accept All kì í fọ ìwé. Ó ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti ṣe sí ìwé náà, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú, láìkà á.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí. Ká ní ìwé òfin ẹgbẹ́ kan sọ ní abala keje pé: "Alága yóò lo sáà kan ṣoṣo, tí í ṣe ọdún mẹ́ta." Ẹnì kan wá yọ ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ó di: "Alága yóò lo sáà kan, tí í ṣe ọdún mẹ́ta." Gírámà rẹ̀ pé, kò sí àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà yóò tọ́ka sí. Ojú ìwé funfun kò ní sọ fún ọ pé ìlẹ̀kùn kan ti ṣí níbẹ̀, tí alága lè gbà wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kó ní òfin kò sọ pé òun ò lè padà wá. Bí Track Changes bá wà ní títàn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba àárín "ṣoṣo" kọjá, orúkọ kan á wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ á wà níbẹ̀, aago á wà níbẹ̀. Ìpàdé á rí i, á bèèrè, á pinnu. Bóyá ẹni tó yọ ọ́ ní ìdí tó dára. Kó dìde kó sọ ọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ Accept All ńkọ́? Ọdún mẹ́ta á kọjá, ìjà á dé, àwọn kan á máa búra pé "ṣoṣo" wà níbẹ̀, àwọn kan á máa búra pé kò sí níbẹ̀ rí. Ta ni yóò là wọ́n? Ìwé tó mọ́ náà ló dá ìjà ọ̀hún sílẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ àkókò. Nínú igba àtúnṣe, èyí tó pọ̀ jù sábà máa ń jẹ́ ti àlàfo, ìwọ̀n lẹ́tà àti bí ìlà ṣe tò. Lábẹ́ Show Markup, èèyàn lè ní kí Word fi àtúnṣe ìrísí nìkan hàn, kó wá tẹ Accept All Changes Shown. Àwọn wọ̀nyẹn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àtúnṣe tó kan ọ̀rọ̀ á sì dúró síbi tó wà. Èèyàn tún lè ní kó fi ti ẹnì kan ṣoṣo hàn, ká parí ti Èkó ká tó bọ́ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Àmì ohùn ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrísí. Orúkọ agbo ilé lè yí padà nítorí àmì kan, ojú èèyàn ló gbọ́dọ̀ kà á. Bí a bá ti sẹ́ ẹ báyìí, ohun tó kù kò ju ohun tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún lè yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwa tí a ń fi odidi wákàtí jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, ṣé a ó wá ní a ò ráyè ka òfin tí yóò máa darí wa?

Ẹni tó ní àmì ń dá ìjà sílẹ̀ sì rèé, ó máa ń fi àṣà gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ ká fi ojú àṣà wò ó. Bí àgbà bá sọ̀rọ̀ láàárín ìlú tí ọmọdé sì ní èrò mìíràn, kí ni ọmọdé ń ṣe? Á dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fún mi láyè kí n fi nǹkan kan kún un. Ọ̀rọ̀ àgbà ṣì wà nílẹ̀, gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ. Ti ọmọdé wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àgbà àti ìpàdé mú èyí tó bá tọ́. Ohun tí Track Changes ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ìlà gbà kọjá kò tíì kúrò, ó ń dúró de àṣẹ. Ààyè Comment tún wà ní etí ìwé tí ọmọdé lè kọ ọ́ sí pé: "Bàbá, ẹ má bínú sà, ìpàdé tó kọjá ti sún ọjọ́ yìí síwájú." Èwo wá ni ìwà àfojúdi? Kí ọmọdé tọrọ àyè lójú gbogbo èèyàn, àbí kó yọ ọ̀rọ̀ bàbá kúrò lóru, kí ojú ìwé máa funfun, kí bàbá má sì mọ̀ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ jáde? Ìjà tí àmì ń dá sílẹ̀, ojúkojú ni a ń jà á, ìpàdé ló sì ń parí rẹ̀. Ìjà tí àìsí àmì ń dá sílẹ̀ ló ń dé ilé ẹjọ́.

"A fọkàn tán ara wa." Mo gbà. Ẹni tí a fọkàn tán ni ó sì yẹ ká dáàbò bò jù lọ. Akọ̀wé tó bá pa gbogbo àmì rẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé. Bí nǹkan bá sọnù, ọrùn rẹ̀ ni yóò já sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àmì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ṣé àìsí ìgbẹ́kẹ̀lé ló dé bá ìjọba àpapọ̀ ní 2016? Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé ètò ìṣúná ọdún náà síwájú àwọn aṣòfin ní December 22, 2015. Nígbà tó di January, Bukola Saraki, ọmọ Kwara wa níbí, tó jẹ́ Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, kéde pé ẹ̀dà tí wọ́n mú wá lẹ́yìn náà yàtọ̀ sí èyí tí Ààrẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó di kí Ààrẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe. Ìwé ìṣúná odidi orílẹ̀-èdè ni o! Bí ẹ̀dà méjì bá lè dojú rú mọ́ àwọn tó ní òṣìṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì lọ́wọ́, kí ni yóò gba ìwé wa là, ìwé tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí orí òmíràn?

Ìgbẹ́kẹ̀lé pàápàá nílò orúkọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alòkù tí a ń rà ló jẹ́ pé HP, Dell tàbí User ni orúkọ tó wà nínú Word wọn. Ìwé á padà dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àtúnṣe, a ó gbé atọ́ka lé wọn lórí, HP ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ta ni HP? Ta ni a ó pè láti wá ṣàlàyé? Ẹ wọ File, ẹ wọ Options, ẹ lọ síbi User name, ẹ kọ orúkọ ara yín síbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ẹni tí kò fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àtúnṣe tó ṣe sí ìwé ìlú, kó fi ìwé ìlú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló le jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ, n ò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní October 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn Detlev Mehlis, agbẹjọ́rò ìjọba ará Jámánì, jáde lórí ikú Rafik Hariri, olórí ìjọba Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀ tí wọ́n pa ní February ọdún náà. Fáìlì Word ni ìròyìn ọ̀hún, àmì àtúnṣe sì ṣì wà nínú ẹ̀dà tó dé ọwọ́ àwọn oníròyìn. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí orúkọ tí wọ́n ti yọ: àbúrò ẹni tó jẹ́ Ààrẹ Síríà nígbà náà wà níbẹ̀, ọkọ arábìnrin Ààrẹ ọ̀hún náà wà níbẹ̀. Mehlis ṣàlàyé pé òun yọ àwọn orúkọ náà nítorí pé ẹ̀sùn tí a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni, kò sì yẹ kó wà nínú ìwé tí gbogbo ayé yóò kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àwọn tí mo ń bá wí á ní: "Ẹ ò rí i, ẹ máa pa á rẹ́!" Rárá. Ohun tó fa wàhálà yẹn ni pé ẹ̀dà iṣẹ́ ni wọ́n gbé síta dípò ẹ̀dà ìta. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kí ìwé ní. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, gbogbo àmì rẹ̀ pé sára rẹ̀, ẹgbẹ́ ló ni ín. Èkejì ni a dà kọ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ìpàdé ti pinnu; òun ni a ń gba gbogbo àtúnṣe tí ìpàdé fọwọ́ sí wọ inú rẹ̀, tí a ń fi Inspect Document yẹ̀ wò kó má bàa sí ohun tó sá pamọ́, ká tó fi ránṣẹ́ tàbí ká tẹ̀ ẹ́. No Markup ń fi àmì pamọ́ lójú lásán, ẹni tó bá gba fáìlì náà lè ṣí i wò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni àṣírí ń tú mọ́ lọ́wọ́. Kí a kọ́ ọ ni oògùn rẹ̀. Ta ló ń sun àkọsílẹ̀ ilé rẹ̀ níná nítorí pé àlejò lè kà á?

Ó ku gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ràn jù: ìwé tó parí nìkan ló ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dá wọn lóhùn. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ẹ̀dà tó ti parí ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé náà ní títẹ̀. Kí ló wá gba ìwé ọ̀hún là? Kì í ṣe ẹ̀dà tó mọ́. Ẹ̀dà tó mọ́ ló sọnù. Àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí kò dán, tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì tó fi tún ìwé náà kọ. Wọ́n tún fi í ránṣẹ́ ní January 1916; ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì gbà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1921 ni The History of the Yorubas tó jáde, Obadiah náà ti kú. Bí Samuel Johnson bá ti gbà pé ẹ̀dà tó parí nìkan ló ṣe pàtàkì, tó sì da ìyókù sínú iná, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ọ̀rọ̀ ìwé náà kò tíì tán síbẹ̀. Títí dòní, ìlú ń gbé e dìde láti jiyàn ipò ọba àti ààlà ilẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Samuel, èwo ni ti Obadiah? Ibo ni àbúrò ti fi kún un, ibo ló ti yọ nínú rẹ̀? Òǹkàwé tó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ní ohun púpọ̀ tí yóò dì mú, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú ewé kò fi ọwọ́ èkíní hàn yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn yẹn kò ní irinṣẹ́ tó ń fi orúkọ àti wákàtí sí ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa ní in, lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wa, à ń fi ọwọ́ ara wa tẹ ẹ́ pa.

Ẹ tún wo ìlú Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Nítorí wọn ni ìjọba ṣe dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó parí ni, ó sì dára lójú. Ta ló gbẹ́ wọn? Nígbà wo? Kí ló gbé wọn dé ibẹ̀? Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò, nítorí pé iṣẹ́ ló ṣẹ́ kù, ìtàn bí a ṣe ṣe é ti lọ. Àwọn tó gbẹ́ wọn kò jẹ̀bi. Àwa tí a ní ọ̀nà láti kọ ọ́ sílẹ̀ tí a sì ń pa á rẹ́ la jẹ̀bi.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, n ò sì ní yẹsẹ̀. Ìwé tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, Track Changes gbọ́dọ̀ wà ní títàn láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ ìkẹyìn, kí akọ̀wé sì fi Lock Tracking tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní ẹ̀dà àgbà lọ́wọ́. Bí àwọn mìíràn bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó fi Combine kó wọn pọ̀. Bí ó bá fura pé ẹnì kan pa àmì kó tó fọwọ́ kan ìwé, kó fi Compare gbé ẹ̀dà tó ṣáájú ti èyí tó dé. Gbogbo ohun tó yí padà á jáde síta. Àtúnṣe tó bá kan ọ̀rọ̀, owó, ọjọ́ tàbí orúkọ, ìpàdé ni yóò gbà á tàbí kọ̀ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tó ní àmì kò gbọdọ̀ sọnù láé. Kó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ bí ìwé owó ṣe wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi ìka kan fọwọ́ sí ohun tí gbogbo ìlú kò tíì kà. Ẹ̀yin ọmọ Òmùpo, ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà nílé lóko, bí akọ̀wé yín bá tún ní kí ẹ jẹ́ kí òun tẹ Accept All kí ìwé lè mọ́, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ní kó kà á jáde ná.